Ògiri Tí Mo Fi Ẹnu Kọ́ sí Iléṣà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó, irú ìwé tí mo mú dání àti ẹni tó wá pàdé mi, kó má wulẹ̀ dúró tì mí. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo kúrò ní Iléṣà ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, eyín mi ṣì pé, ara mi sì dá mi lójú bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àgbàlá tuntun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n ò sì ka ẹ̀kẹfà yẹn dé òpin. Ṣùgbọ́n bírìkìlà ni mí, mo sì gbà pé ibi tí ènìyàn bá ti ń gbé inú ilé, oúnjẹ mi wà níbẹ̀.

Òtútù ló kọ́kọ́ gbá mi létí. Mo ti pa irọ́ púpọ̀ mọ́ òtútù yẹn. Mo ti sọ pé ó fá irun imú mi bí abẹ. Mo ti sọ pé mo tutọ́ lọ́jọ́ kan, itọ́ náà di òkúta kó tó balẹ̀, ẹyẹlé kan sì ṣà á jẹ. Àmọ́ òtútù kọ́ ló dẹ́rù bà mí jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo kí gbogbo ẹni tí mo pàdé lójú títì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, obìnrin kan tó ń fa ajá. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, ajá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyàlẹ́nu kejì ń dúró dè mí níbi iṣẹ́. Àwọn ènìyàn yìí kì í mọ ògiri kan, méjì ni wọ́n ń mọ. Wọ́n á fi bíríkì mọ ọ̀kan síta, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù mọ èkejì sínú, wọ́n á sì fi àyè tó tó ìkúùkù ọwọ́ mi sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Wáyà irin tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀. Mo bi fọ́máànù wa pé kí ló wà láàárín. Ọkùnrin pupa kan ni, ó sanra, ìka kan ò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní. "Òjò á lu ti ìta, èyí tó bá wọlé á sàn sílẹ̀ nínú òfìfo yẹn. Ògiri inú ò ní mọ̀ pé òjò rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Níbẹ̀ yẹn, òjò kì í ṣe àlejò, òun ló ni ìlú. Èmi tí mo ti ń mọ ògiri fún ọgbọ̀n ọdún, n ò mọ̀ pé ènìyàn lè fi òfìfo mọ ilé.

Wọn ò jẹ́ kí n mọ ọ̀kankan. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n bèèrè, n ò sì ní. Wọ́n ní kí n máa gbé búlọ́ọ̀kù. Mo ń gbé e láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, lórí pákó tó ń yọ̀, fún àwọn ọmọ tí mo lè bí, tí wọ́n ń mọ ògiri tó wọ́ lójú mi. Bí mo bá délé, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, n ó na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú ẹ̀rọ amúlé-gbóná, n ó sì máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo pe ilé, àbúrò mi Délé gbé fóònù fún Yèyé wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n fún ẹ?" ni Yèyé wí.

Mo wo ọwọ́ mi. Awọ ti bó lórí ìka mẹ́rin. Mo ní, "Yèyé, èmi ni mò ń darí wọn."

Gbólóhùn kan péré ni. Mo gbọ́ bí Yèyé ṣe yin Ọlọ́run, mo gbọ́ bí Délé ṣe pàtẹ́wọ́, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè gbà á padà mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Délé ti ń pè mí ní Ẹnjiníà. Tísà ni Délé, ó kàwé jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́, nítorí ìlú òyìnbó ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbà á ni mò ń fi kún un. Mo ní bí mo bá nàka, ogún òyìnbó á sáré. Mo ní mo kọ́ ilé kan tó ga débi pé ìròyìn tó bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ lónìí, ẹni tó wà lókè ò ní gbọ́ ọ títí di ọ̀la.

Ẹ má kàn sọ pé òpùrọ́ ni mí kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Nígbà tí mo wà nílé, àwọn ènìyàn mọ̀ mí nípa ìrìn mi, nípa ògiri tí mo mọ, nípa àwọn tí mo bá jà àti àwọn tó là wá. Nígbà tí mo lọ tán, ẹnu mi nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Gbogbo bí mo ṣe jẹ́ ti di ohùn tó ń jáde nínú fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohùn nìkan sì tín-ín-rín jù. Mo bọ́ ọ kó lè sanra, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà nídìí rẹ̀. Níbi tí mo wà ńkọ́? Wọn ò tilẹ̀ mọ ohùn mi. Èjìká mi ni wọ́n mọ̀.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni òjò wó ilé Yèyé. Ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Ògiri ẹ̀yìn ti ń mu omi tipẹ́tipẹ́ kó tó yọ́ lulẹ̀. Yèyé ò sí nínú yàrá lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọdún tó ti fi sùn nínú ọ̀rinrin yẹn ti ba àyà rẹ̀ jẹ́. Ikọ́ fée ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ tó ń súfèé lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Délé gbà á sílé, dókítà sì sọ fún Délé pé tí màmá bá tún sùn nínú yàrá tó tutù fún òjò kan sí i, kí wọ́n má gbé e wá bá òun mọ́.

Mo pinnu pé n ó kọ́ yàrá kan fún un, yàrá gbígbẹ, lórí ilẹ̀ yẹn kan náà, nítorí ó ní òun ò ní kúrò nídìí sàréè ọkọ òun. Ó ní, "Ulé mi nù-un." Mo ní ògiri méjì la máa mọ, bíi ti ìlú òyìnbó. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Iléṣà.

Ẹni tí mo fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni Bàbá Ráímì, ará Òṣogbo, tí ilé rẹ̀ wà ní Òkè Fíà. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi po sìmẹ́ńtì fún un, abọ́ kan náà la fi ń jẹun, ó sì máa ń kí Ìrun rẹ̀ lórí pákó ìmọlé nígbà tí èmi bá ń ṣọ́ iṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà nítorí tèmi.

Nígbà tí ìpìlẹ̀ jáde, Délé pè mí láti ibi iṣẹ́. Ó ṣí fóònù síta kí gbogbo ènìyàn lè máa gbọ́ ohùn Ẹnjiníà. Yèyé wà lórí àga lábẹ́ igi. Àwọn lébìrà wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Ráímì wí, "ọ̀rọ̀ ògiri méjì yìí yé mi, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ibi tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, n ó fi kankéré dí àárín rẹ̀. Ṣé o rántí? Ohun tó bá wọ ilẹ̀ kì í ní ikùn òfìfo."

Mo rántí. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi ọwọ́ ara mi da kankéré sínú ihò búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀hún, ibi tí ògiri ti yọ sókè ni mo máa ń bá iṣẹ́. Àwọn mìíràn ló ń ṣe ìpìlẹ̀ ká tó dé. Òfìfo ni mo rí, òfìfo ni mo sì gbàgbọ́.

"Bàbá, ẹ má dí i o," mo ní. "Ibi òfìfo yẹn gan-an ni ọgbọ́n wọn wà."

"Omi ńkọ́? Èyí tó bá wọ ibẹ̀, ibo ló máa gbà jáde?"

Mi ò mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ló sì máa ń pariwo. Mo ní, "Bàbá, ayé bírìkìlà abúlé ti kọjá. Ohun tí ẹnjiníà bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe."

Ẹnì kan nínú àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ráímì ní, "Ó dáa. Ẹnjiníà ti sọ̀rọ̀." Ó mọ ògiri náà dé ibi tí òrùlé máa bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe ní kó mọ ọ́n, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí Òṣogbo. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Délé fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Omi wà láàárín ògiri méjèèjì, ó dúdú, ó dúró, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì jókòó sórí wáyà irin bí onílé.

"Ẹnjiníà," ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, "ọ̀pọ̀lọ́ ti wọlé o. Ṣé ó wà nínú pílánù?"

Mo dáhùn pé, "Ó wà nínú pílánù."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú wa lọ síbi iṣẹ́ tuntun, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa bá ìpìlẹ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ògiri méjèèjì láti inú kòtò wá. Bí mo ṣe gbé búlọ́ọ̀kù dé, mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń da kankéré sínú òfìfo náà.

"Háà! Fọ́máànù! Wọ́n ti bà á jẹ́ o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fọ́máànù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó, ó fi igi ya ògiri méjì sórí ẹrẹ̀.

"Lókè ilẹ̀, omi lè sàn lọ," ó ní. "Lábẹ́ ilẹ̀, kò rí ibi tó máa gbà. Bó o bá fi òfìfo síbẹ̀, kànga lo gbẹ́ sínú ògiri. Ilẹ̀ á tún máa ti ògiri ìta wọlé, torí kò sí ohun tó dì í mú lẹ́yìn. A óò dí i. A ó dá a dúró ní ínṣì mẹ́sàn-án sísàlẹ̀ rọ́bà dúdú tó ń gé omi, a ó gé orí rẹ̀ kó dà sí ìta, a ó sì fi ihò kéékèèké sílẹ̀ lára bíríkì ìta. Omi tó bá ti òkè bọ̀ á gba ibẹ̀ jáde."

"Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti dí i ńkọ́?"

"Ẹni tó bá sùn sínú yàrá yẹn, omi ni yóò máa mí."

Búlọ́ọ̀kù ṣì wà léjìká mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo pe Délé lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Káfíńtà ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé láti kan páánù, Yèyé á sì kó wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀.

"Délé, ẹ má kan páánù. Ògiri yẹn ò dára. Ẹ fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ da omi rẹ̀ nù, kẹ́ ẹ dí i."

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé? Ẹ ní ó wà nínú pílánù."

"Irọ́ ni mo pa. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Mi ò darí ẹnikẹ́ni. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń gbé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ẹ kú àwàdà, Bọ̀ọ̀dá! Ọjọ́ kan ẹyẹlé jẹ itọ́ yín, lónìí ẹ ti di lébìrà. Yèyé, ẹ wá gbọ́ o, Ẹnjiníà ní òun ń gbé búlọ́ọ̀kù!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Yèyé lókèèrè, ẹ̀rín náà sì di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè tán.

Mo ti pa irọ́ fún ọdún méjì, wọ́n gbà á bí omi mímu. Mo wá sọ òtítọ́ kan ṣoṣo, wọ́n tu ú dànù. Mo bẹ Délé, mo búra, ó ní kí n má ba ọjọ́ òun jẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ta ló máa ṣe é? Bàbá Ráímì ló mọ bó ṣe so wáyà yẹn, ẹ sì ti lé e lọ."

Mo pe Bàbá Ráímì. Kò gbé e. Mo pè é ní ọjọ́ kejì, kò gbé e. Ní ọjọ́ kẹta mo pe Sìdíkà, ọmọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dé ilé kó sì fi fídíò pè mí, kó kàn gbé fóònù síwájú bàbá rẹ̀. Ó pè mí lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo rí àgbàlagbà náà lórí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ojú sápá kan.

Mo fi fóònù ti búlọ́ọ̀kù kan lórí ilẹ̀. Mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, àyà mi kanlẹ̀, iwájú orí mi kanlẹ̀.

Ariwo sọ. Fọ́máànù ló kọ́kọ́ sáré dé, ó rò pé ọkàn mi ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan mú ẹsẹ̀ mi, ẹnì kan fẹ́ yí mi padà, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn. Mo pariwo láti inú ẹrẹ̀ pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀! Mò ń kí ènìyàn ni!"

Láti Òkè Fíà, mo gbọ́ ohùn Bàbá Ráímì. "Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí? Ṣé àwọn tí ò ń darí nù-un?"

"Rárá, Bàbá. Àwọn ló ń darí mi."

"Àwọn aṣọ rẹ ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ti ya."

"Bàbá, mo ṣẹ̀ yín níwájú ènìyàn. Àwọn tó wà lórí mi yìí náà ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Òótọ́ ni ẹ sọ. Wọ́n ń dí i níbí. Ẹ bá mi wo ti Yèyé mi. Bó bá sùn síbẹ̀, yóò kú."

Tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ibo ni wọ́n ń dí i dé?"

"Ínṣì mẹ́sàn-án sísàlẹ̀ rọ́bà."

"Orí rẹ̀ ńkọ́? Ó tẹ́jú?"

"Wọ́n ń gé e kó dà síta. Wọ́n sì ń fi ihò sílẹ̀ lára ògiri ìta."

"Ihò." Ó ronú sí i. "Ìyẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn dára. Dìde, ẹrẹ̀ yẹn tutù."

Fọ́máànù bi mí pé ta ni. Mo ní ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ nu ojú mi bí ẹni ń nu ojú ọmọ, kò sì bi mí ní nǹkan mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi ṣíbí bírìkìlà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n mọ ìlà mẹ́ta lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Mo mọ ọ́n. Ó wò ó títí, ó ní kò sẹ́ni tó máa wó o. Mo lè fi ìyẹn ṣe ìtàn wákàtí méjì, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta náà ni.

Bàbá Ráímì wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìpè fídíò yẹn, ó dá káfíńtà padà, ó sì lu ihò sí ẹsẹ̀ ògiri ìta. Délé ní omi tú jáde títí di àsìkò Ìrun Àsárì, ó sàn wá sí ojú títì, àwọn aládùúgbò sì rò pé páìpù ló bẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn kúrò lára ògiri. Wọ́n dúró kí inú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan lára ògiri inú, wọ́n ń gba ibẹ̀ da kankéré sí i díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ìta, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí kòtò ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi òkè lè rí ọ̀nà lọ. Kí Bàbá tó kúrò níbẹ̀, ó pe Délé sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún ẹ, òótọ́ ni. Mo fi ojú mi rí i." Ọjọ́ yẹn ni Ẹnjiníà kú. Wọ́n sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà ní àdúgbò wa, ó pẹ́.

Yèyé ò pè mí sí ọ̀rọ̀ náà. Ó kó wọ yàrá rẹ̀, òjò ńlá ọdún náà rọ̀, ó sì dá. Èmi pẹ̀lú ò ní ẹnu láti pè é. Délé ló wá pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní Yèyé fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù lò ń gbé," ni Yèyé wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Kì í ṣe pé ò ń darí wọn."

"Rárá, Yèyé."

Mo tẹ́tí sí èémí rẹ̀ nínú fóònù. Ó ń wọlé, ó ń jáde, kò sì sí súfèé lábẹ́ rẹ̀.

"Ó wúwo?"

Ìtàn kan ti dé ẹnu mi, pé ó fúyẹ́ bí àkàrà, pé òyìnbó máa ń fi afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Mo gbé e mì.

"Ó wúwo, Yèyé."

"Èjìká wo lo fi ń gbé e?"

"Ọ̀tún."

"Máa gbé e sí òsì náà. Má jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "O kú uṣẹ́ o, ọmọ mi."

Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹnikẹ́ni ò tíì kí mi bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí mi? Ẹni tó kàn ń nàka sí ènìyàn, ta ní í kí i kú iṣẹ́? Mo ní, "Ẹ ṣé, Yèyé," mo sì tún un sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ sí èjìká òsì.